Ohun Tó Ń Kùn Lábẹ́ Mọ́tò Gbénró

"Láti Kútọ̀nù ni mo ti wa mọ́tò yìí bọ̀," Gbénró wí, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ní kété tí mo ṣáná sí i, ẹyẹ kan bà lé orí ibí yìí. Nígbà tí a fi máa dé Sẹ̀mẹ̀, ó ti kọ́ ìtẹ́. Ní Àgbádárìgì, ó yé ẹyin. Kí a tó dé Àgbárá, ẹyin ti pa. Ní Ìyànà-Ìbà níbí ni àwọn ọmọ ẹyẹ náà ti fò lọ."

Àlájà Tàwàkálítù, onílé, gbé ojú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Ẹyẹ náà ò wá ṣubú?"

"Ṣubú bọ́ síbo, Àlájà? Mọ́tò náà ò mì. Ẹyẹ náà rò pé orí àpáta lòun wà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi Àkàndé kápẹ́ńtà. Àkàndé dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú náà bí ẹni tó rí bàtà tó ń wù ú lẹ́sẹ̀ ẹlòmíì.

Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀ náà. Òun àti Gbénró jọ kó dé ilé yìí ni. Wọ́n jọ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Òkòkòmáíkò láàárọ̀, wọ́n jọ ń rojọ́ ẹsẹ̀ dídùn nírọ̀lẹ́. Gbénró wá lọ, ó sì gbé mọ́tò dé lójijì, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ kí ọkàn ẹni lè máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Ìlara tó wà nínú Àkàndé lọ́sẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, gbogbo Ọ̀jọ́ títí dé Navy Town ni yóò mu nínú rẹ̀, yóò sì ṣẹ́kù tí wọ́n máa fi fọṣọ.

Bí Gbénró bá ń fọ mọ́tò, ọ̀fun Àkàndé a gbẹ. Bí ó bá fọn fèrè, ẹ̀bà tó wà lẹ́nu Àkàndé a yí padà, a ní òun ò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Èyí tó burú jù ni ti Àmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, "Gbénró" lásán ló ń pe ọkùnrin náà. Ní báyìí, "Bọ̀dá Gbénró" ni, ohùn tó sì fi ń pè é, èèrà lè tọ̀ ọ́ wá.

"Ìgbà wo ló di bọ̀dá?" Àkàndé bi í.

"Ṣebí ó jù mí lọ, Bàbá Dámilárá."

"Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ẹ́ lọ ni?"

Àmọ̀kẹ́ ń wo ojú fèrèsé.

Àṣà kan wà nínú ilé Àlájà. Ẹnikẹ́ni tó bá ra mọ́tò gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ará ilé, lọ́kọ̀ọ̀kan, dé Òkòkòmáíkò kó sì gbé wọn padà, kí ó tó gbé mọ́tò náà lọ sọ́nà jíjìn. Àlájà ní àdúrà ẹni tó bá ti jókòó nínú ọkọ̀ máa ń lágbára ju ti ẹni tó dúró síta lọ. Gbogbo ilé ló ti wọ mọ́tò Gbénró. Àkàndé nìkan ló kù. Bí wọ́n bá ní kí ó wá, a ní, "Ẹsẹ̀ mi ò tíì dùn mí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Gbénró ń bọ̀ láti ìta. Kí mọ́tò tó yọ sí ojúlé, Àkàndé gbọ́ ohùn kan. Vùùùùù. Ó ń kùn bí odidi agbo oyin tí wọ́n tì mọ́nú ìkòkò. Bí mọ́tò ṣe ń dẹwọ́ eré láti yà wọlé, ìkùn náà ń lọ sílẹ̀, vùùù, vùù, títí tó fi dákẹ́.

Àkàndé rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti wá sí ojú yẹn gbẹ̀yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà. Kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, pákó ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí ara rẹ̀ dá kì í kùn báyìí. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú bí ẹni fi ẹran pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ń tọ́ ọ wò nígbà tó bá wù ú.

Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé yòókù náà ń gbọ́ ọ.

"Gbénró, kí ló ń dún lábẹ́ mọ́tò ẹ?" Àlájà bèèrè.

"Agbára ẹ́ńjìnnì ni, Àlájà. Kìnnìún kì í rìn kó má bú."

Nígbà tí kìnnìún náà ń bú ju bó ṣe yẹ lọ, Gbénró yí ohùn padà. Ó ní mọ́tò òun ò ní nǹkan kan, ojú àwọn kan ló wà lára rẹ̀. Ó lọ gba omi àdúrà ní ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní òpópónà kejì, ó dà á sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọ́n ìyókù sí ẹnu ọ̀nà Àkàndé. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Àlábà, ó ra spíkà kan tó tó àpótí aṣọ, ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń bọ̀, orin rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Adìẹ tó ń sàba ní ilé kẹta dìde lórí ẹyin, ó kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìkùn mọ́. Gbogbo ilé gbà pé àdúrà ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń wo Àkàndé tìfura-tìfura.

Ìyẹn náà ò dun Àkàndé púpọ̀. Ó ń dúró de ọjọ́ tí mọ́tò náà máa dákú sójú títì kí òun lè wá kí Gbénró kú ẹsẹ̀ rírìn.

Ibẹ̀ ló wà tí Àmọ̀kẹ́ fi wọlé bá a ní Ọjọ́bọ̀.

"Bàbá Dámilárá, ẹ bá mi gbé àpótí yẹn sọ̀kalẹ̀. Mo ti rí ẹni tó máa gbé mi lọ sọ́dọ̀ màámi."

Oyún Àmọ̀kẹ́ ti wọ oṣù ìkẹyìn. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àgbádárìgì ló fẹ́ bímọ sí, níbi tí Dámilárá, àkọ́bí wọn, ti wà.

"Ta ni?"

"Bọ̀dá Gbénró. Wọ́n fẹ́ lọ fi mọ́tò han àwọn àna wọn ní Sátidé."

Ẹ̀rín tó ti ń gbé nínú Àkàndé láti ọjọ́ yìí kú fin-ín. "O ò ní wọ mọ́tò yẹn. Nǹkan kan ń kùn lábẹ́ rẹ̀."

"Inú yín ló ń kùn."

"Àmọ̀kẹ́, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan."

"Ẹ sì dákẹ́ látìgbà yẹn." Ó jókòó sétí ibùsùn, ó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn. "Mo rí yín lọ́jọ́ tí mọ́tò yẹn ń wọlé. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jẹ́ pé ìyàwó ẹlòmíì ló ń gbé kiri, ìkùn náà dùn létí yín. Ó wá kan Àmọ̀kẹ́, ó di ewu. Ta ló máa gba irú ewu bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ẹ bá mi gbé àpótí."

Ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Àpótí náà ò ju aṣọ ọmọ tuntun lọ, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ Àkàndé, ó wúwo bí ẹni pé wọ́n di òkúta Abẹ́òkúta sínú rẹ̀. Ó lọ bá Àlájà. Àlájà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àkàndé, lọ gbàdúrà fún ọkàn ẹ."

Òótọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ onílara.

Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ gbé e lọ sí báráàkì Ọ̀jọ́, níbi tó ti ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná fún Sájẹ́ǹtì Abọ́lá. Obìnrin yìí kì í ṣe sójà tó ń gbé ìbọn dúró lẹ́nu géètì. Mọ́tò àwọn sójà ló ń tún ṣe. Nígbà tó rí i pé Àkàndé kan ìṣó kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí kò wọlé, ó béèrè ohun tó ń ṣe é. Àkàndé sọ ọ́.

"Ó ń kùn báwo?" Abọ́lá bi í. "Ẹ fi ẹnu yín ṣe é kí n gbọ́."

Àkàndé gbé òòlù sílẹ̀. Ó fa èémí sínú. "Vùùùùùùù."

Ewúrẹ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé fi koríko sílẹ̀, wọ́n ń wá ibi tí lọ́rì ti ń bọ̀.

"Ó tó," Abọ́lá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó máa ń pọ̀ sí i bí eré bá ń pọ̀ sí i?"

"Mi ò mọ̀."

"Bí ó bá yí ọwọ́ sọ́tùn-ún ńkọ́, ṣé ohùn rẹ̀ ń yí padà?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á?"

"Mi ò mọ̀, Ọ̀gá Sójà."

"Ọ̀gá Kápẹ́ńtà, ṣé ẹ ti wọ mọ́tò yìí rí?"

Àkàndé wo òòlù. "Mi ò wọ̀ ọ́ rí. Ó ń dùn mí pé kì í ṣe tèmi."

Abọ́lá ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga kan, ó jókòó. "Mọ́tò dà bí ọmọ ọwọ́. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n igbe ebi yàtọ̀ sí igbe inú rírun. Bí ó bá ń han bí eku lásìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i láàárọ̀, tó wá dákẹ́, ó lè jẹ́ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì ló ti gbó. Bí ó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nígbà tí wọ́n bá yí ọwọ́ dé ìpẹ̀kun, oríkèé ṣáfúti tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú ló ti jẹ. Bí ó bá ń gbá gbì gbì nínú kòtò, ẹ wo àwọn oríkèé abẹ́ ọkọ̀. Bí ìgbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì nìkan ni sítíárìn ń gbọ̀n, irin bíréèkì ló ti wọ́. Bí orí títì tó tẹ́jú tí eré ti pọ̀ ló ti ń gbọ̀n, táyà ni ẹ kọ́kọ́ fura sí, bóyá ó ti wú tàbí kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìkùn tó ń tẹ̀lé eré, tó ń bá a lọ sókè, tó ń bá a wálẹ̀, ìyẹn ni mi ò fẹ́. Ẹ lọ wọ̀ ọ́. Ẹ lọ gbọ́ ọ dáadáa."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àkàndé lọ bá Gbénró. "Gbénró, mo fẹ́ wọ mọ́tò ẹ."

Gbénró yí sí gbogbo ilé. "Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́. Ẹsẹ̀ ti ń dun kápẹ́ńtà."

Wọ́n jáde. Kí n má parọ́, mọ́tò náà dára. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí Àkàndé lójú, àga sì rọ̀ débi pé ìdí rẹ̀ dà á, ó ń gbádùn ohun tí ọkàn rẹ̀ ń bínú sí. Spíkà ẹ̀yìn wá ń lù bí ẹni pé òrùlé máa ṣí. Kò gbọ́ ohunkóhun.

"Dín in kù díẹ̀."

"Báyìí ni mo ṣe ń gbọ́ tèmi."

Àkàndé ronú. Ó mọ Gbénró. "Mo fẹ́ kí o sọ ìtàn ẹyẹ yẹn fún mi ni. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà jìn, mi ò gbọ́ ọ tán."

Ojú Gbénró tàn. Ó pa orin. "Ṣé o rí ẹyẹ yẹn, kì í ṣe ẹyẹ kékeré."

Ó ń sọ̀rọ̀, Àkàndé ń fetí sí ohun mìíràn. Vùùùùù. Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, ìkùn náà ń ga sí i. Wọ́n dé ibi tí tírélà kan kú sí lápá òsì, Gbénró yí ọwọ́ sọ́tùn-ún láti yà á, ìkùn ẹsẹ̀ òsì iwájú sì di bíbú. Ilẹ̀ mọ́tò ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ Àkàndé bí ìgbà tí ẹ̀rọ ata bá wà nínú yàrá kejì. Nígbà tí wọ́n padà sójú ọ̀nà gbọọrọ, ó rọlẹ̀ díẹ̀.

"Gbénró, o gbọ́ yẹn?"

"Gbọ́ kí ni?" Òógùn wà níwájú orí Gbénró, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tútù náà ń fẹ́. Ó tan orin padà.

Ọ̀rọ̀ tí Àkàndé fi ránṣẹ́ sí Abọ́lá lórí fóònù kò gùn. Èsì tí Abọ́lá fi ránṣẹ́ padà kúrú jù ú lọ: "Kí ìyàwó yín má wọ̀ ọ́. Mò ń bọ̀."

Ní àárọ̀ Sátidé, àpótí Àmọ̀kẹ́ ti wà nínú búùtù. Àmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ti di ilẹ̀kùn iwájú mú nígbà tí Abọ́lá wọlé, nínú bùbá àti sálúbàtà, kò wọ aṣọ sójà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sájẹ́ǹtì Abọ́lá ni mí, mọ́tò àwọn sójà ni mò ń tún ṣe. Mo fẹ́ yẹ ẹsẹ̀ òsì iwájú wò kí ẹ tó lọ."

"Ta ló pè yín?" Gbénró bínú. "Àkàndé, ìlara ẹ ti tó èyí tó ń lọ yá sójà?"

"Mo ń jowú ẹ," Àkàndé wí. Kò gbé ohùn sókè. "Mo jowú ẹ láná, mo ń jowú ẹ lónìí, bóyá màá jowú ẹ dọ́la. Mo gbọ́ ariwo yẹn tipẹ́, mo dákẹ́ nítorí inú mi ń dùn. Ó burú. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi àti ọmọ mi ló fẹ́ wọlé yẹn. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, màá fi ẹnu mi kéde ara mi ní onílara ní gbogbo Ìbà."

Àmọ̀kẹ́ ń wo ọkọ rẹ̀. Ó yọ ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn.

Àlájà dìde. "Ilé mi ni aboyún yìí ti ń jáde. Gbénró, gbé jáàkì wá."

Wọ́n fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀, wọ́n fi òkúta dí àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Abọ́lá fi ọwọ́ kan di orí táyà mú, ó fi èkejì di ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mì í. Táyà náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí eyín bàbá arúgbó tó ń dúró de iṣu kan tó máa yọ ọ́. Ó yí i, ó dún ràràrà bí ẹni ń lọ àgbàdo lórí ọlọ. Wọ́n lọ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sókè. Ìyẹn ò mì rárá, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀?" Abọ́lá wí. "Irin róbótó kan wà nínú ibẹ̀ tí táyà ń yí lé lórí. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní bẹ́ríńgì. Ó ti jẹ tán. Bí ẹ bá sá eré lórí ọ̀nà Àgbádárìgì, ó lè há, tàbí kí ẹsẹ̀ náà bọ́ pátápátá. Mọ́tò tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bọ́ lórí eré, kò sí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ."

Àmọ̀kẹ́ jókòó sórí pèpéle. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀.

Àlájà ránṣẹ́ pe Kamaldeen mẹkáníìkì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkóríta, kí ó wá wo bí wọ́n ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí a ṣe ń dúró dè é, ẹ̀yin tí ẹ ní tòkunbọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ súnmọ́ mi.

Kí ẹ tó sanwó mọ́tò, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ pa rédíò, ẹ wà á lórí títì, ẹ yí ọwọ́ sọ́tùn-ún àti sósì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gbé e kọjá ibi tí ilẹ̀ ti rí gbágungbàgun. Etí yín ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ yín máa sọ ohun tí mọ́tò ń ṣe fún yín. Bí ariwo tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ pé ó máa lọ fúnra rẹ̀. Kò sí irin tó ń wo ara rẹ̀ sàn. Ẹ kíyè sí ìgbà tó ń dún, ibi tó ti ń dún, àti ohun tó ń mú un pọ̀ sí i, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Orin dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ orin kì í tún táyà ṣe. Ìkìlọ̀ náà, ẹ má wo ẹnu tó ti jáde. Ọ̀tá yín lè rí iná lórí òrùlé yín kí ọ̀rẹ́ yín tó rí i. Ìwọ náà tí ò ń jowú, jowú rẹ bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n là ẹnu rẹ. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú mọ́tò tí ò ń rín.

Kamaldeen ti dé. Ó gbé àpò irinṣẹ́ sílẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ òsì, ó wo Gbénró.

"Bọ̀dá Gbénró, ẹ ò tíì pààrọ̀ ẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Gbogbo ojú yí sí Gbénró.

"Ọjọ́ wo?" Àlájà bèèrè.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé mọ́tò dé gan-an ni, Àlájà. Mo ní bẹ́ríńgì ẹsẹ̀ yìí ti kú, kí wọ́n má gbé e jáde ní Ìbà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ìgbà tí mo máa gbúròó wọn, ìró spíkà ni."

Àmọ̀kẹ́ dìde lórí pèpéle, díẹ̀díẹ̀. "Ẹ mọ̀?"

"Mo fẹ́ ṣàlàyé," Gbénró wí. Ó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀. "Ẹ rí i, ní Kútọ̀nù, wọ́n máa ń dìídì tú u sílẹ̀ báyẹn kí táyà lè rí ọ̀nà mí."

"Gbénró," Àlájà wí, ó ń wá bàtà rẹ̀ kan, "mo ní ṣé o mọ̀?"

Gbénró wo Àlájà. Ó wo bàtà. Ó wo Abọ́lá, tó ti ń ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè. Ó wo géètì.

Ó gbéra. Ẹni tó rí i ní òun ò rí i. Ó fo gọ́tà tí ọ̀kadà máa ń yà fún, ó gba àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra búrẹ́dì kọjá láìkan ẹnì kan, eruku tó tú lẹ́yìn rẹ̀ ò sì tíì balẹ̀ tí wọ́n fi ní wọ́n ti rí i ní Òkòkòmáíkò, tó ń lọ sápá Àgbárá. Àmọ̀kẹ́ wá dúró ti ọkọ rẹ̀, ó gbé apá lé e léjìká. Àkàndé nà ọrùn wo ọ̀nà tí Gbénró gbà lọ. Eré náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tún jowú rẹ̀.